Bí A Ṣe Ń Wo Ètò Inú Fọ́tò Oge Tí A sì Ń Ṣe Lámèyítọ́ Rẹ̀

Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ẹni tó múra jáde síwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa ni pé ó rẹwà tàbí pé kò wu èèyàn. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ayàwòrán ṣe gan-an, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ya èyí tó dára jù ú lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ kọjá ibẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, aránṣọ tó fẹ́ yan àwòrán tí yóò fi polówó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí olólùfẹ́ oge tó fẹ́ mọ ìdí tí fọ́tò kan fi dá òun dúró tí òun sì gbójú fo òmíràn. Ètò inú fọ́tò tí à ń wí ni ipò tí a fi ohun kọ̀ọ̀kan sí láàárín igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán: ara, aṣọ, ìmọ́lẹ̀, òjìji, ohun tó wà lẹ́yìn, àti àyè tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ lófìfo.

Orí èrò kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dúró lé: nínú fọ́tò oge, aṣọ ló ni àwòrán. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè lẹ́wà, ibi tí wọ́n ti yà á sì lè jẹ́ ààfin, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó tán tí a kò mọ bí aṣọ náà ṣe wúwo tó, bí wọ́n ṣe gé e, àti bí yóò ṣe máa ṣe nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn, a jẹ́ pé ètò àwòrán náà kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yà á. Òun ni òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wò ó kí ẹ tó sọ̀rọ̀

Ẹ gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ wò ó nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí pé ojú fóònù máa ń sọ ohun gbogbo di kékeré, ohun tó wà ní etí àwòrán kì í sì í hàn níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ayàwòrán àti orúkọ ilé aṣọ tó ni iṣẹ́ náà, torí orúkọ ńlá a máa dájọ́ fún èèyàn kí ojú rẹ̀ tó ríran. Ẹ di ojú, ẹ là á, kí ẹ sì kíyè sí ibi tó kọ́kọ́ bà lé, ibi tó gbà kọjá, àti ibi tó gbà jáde kúrò nínú àwòrán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ má kọ bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ojú èèyàn ni ojú èèyàn máa ń wá. Bí ojú módẹ́ẹ̀lì bá hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, nítorí náà ìbéèrè tó kù ni pé kí ni ayàwòrán lò láti mú ojú yín kúrò níbẹ̀ lọ sára aṣọ. Ó lè jẹ́ apá tí módẹ́ẹ̀lì nà, ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù níbi àyà aṣọ, ó sì lè jẹ́ pé módẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ tí àwa náà sì bá a wò ó. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ dorí àwòrán náà kodò. Ojú tó bá ti dorí kodò kì í fi bẹ́ẹ̀ fani mọ́ra mọ́, ẹ ó sì wá rí bí dúdú àti funfun, ńlá àti kékeré, ṣe pín àyè láàárín ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀

Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò sí ìyìn tàbí ìbáwí kankan nínú wọn. Ẹ sọ ibi tí ara dúró sí, ibi tí ọwọ́ wà, ibi tí aṣọ ti pọ̀ àti ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ara, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á ní àwòrán kan lágbára láìsọ ohun tó fún un lágbára. Ẹni tó bá ti lè kọ ọ́ pé èjìká ọ̀tún módẹ́ẹ̀lì ga ju ti òsì lọ, àti pé láti orí èjìká yẹn ni gbogbo aṣọ ti ń rọ̀ wálẹ̀, ti sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tẹ̀lé àwọn ìlà

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, mo sì fẹ́ kí á fi fọ́tò kan tó gbajúmọ̀ ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, Richard Avedon, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ya módẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Dovima sáàárín àwọn erin ní Cirque d'Hiver, ilé eré sákọ́ọ̀sì kan ní ìlú Paris, fún mágásíìnì Harper's Bazaar. Ilé aṣọ Christian Dior ló ni ẹ̀wù tí Dovima wọ̀. Yves Saint Laurent, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 nígbà náà, ló sì ya bátànì rẹ̀. Àrán dúdú ni, ó gùn délẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ara, apá rẹ̀ náà gùn, wọ́n sì so ọ̀já sátínì funfun kan mọ́ ọn tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá fọ́tò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Àárín gbùngbùn ni Dovima dúró sí, níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fọ́tò máa ń ní kí á má fi èèyàn sí. Wọ́n á ní kí á pín àwòrán sí mẹ́ta lóròó àti mẹ́ta níbùú, kí á sì gbé ohun pàtàkì sórí ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òfin tí a fi ń dájọ́. Erin ló wà lọ́tùn-ún, erin ló wà lósì, wọ́n sì tóbi débi pé bí obìnrin kan bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, yóò pòórá. Àárín nìkan ni ibi tó ti lè dúró kó sì jẹ́ òun ni wọ́n ń ṣọ́. Ó na apá méjèèjì sí wọn, ara rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀, débi pé ìlà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ láti ìka ọwọ́ kan, ó gba èjìká kọjá, ó sì parí sí ìka ọwọ́ kejì. Awọ erin hunjọ, ó sì yi. Àrán jọ̀lọ̀, ó sì ń mu ìmọ́lẹ̀. A kò fọwọ́ kan aṣọ náà, síbẹ̀ a mọ bí yóò ṣe rí lọ́wọ́, nítorí ohun tí ayàwòrán gbé tì í. Koríko gbígbẹ wà nílẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn erin. Ayàwòrán tó bá ń bẹ̀rù ìdọ̀tí ì bá wá ọ̀nà mú wọn kúrò, ṣùgbọ́n lójú tèmi wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹsẹ̀ tí wọ́n dè nísàlẹ̀ ló jẹ́ kí apá tó nà lókè dà bí ohun tí kò sí ẹni tó lè dè é.

Ẹ wá wo ọ̀já funfun náà. Avedon fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ibẹ̀ ni òun ti kùnà, pé ó yẹ kí ọ̀já náà fẹ́ jáde sí apá òsì kí ìlà àwòrán lè parí, àti pé nítorí ìdí èyí òun kò lè ka fọ́tò náà sí àṣeyọrí. Àwọn tó ń kó fọ́tò jọ kò bá a gbà á bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ra ẹ̀dà ńlá kan nínú rẹ̀ ní €841,000 ní Christie's, ilé tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo, ní Paris ní ọdún 2010. Owó yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ètò àwòrán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ níbẹ̀ ni irú lámèyítọ́ tí Avedon ṣe: ó tọ́ka sí ohun kan pàtó, ó sọ ìhà tó yẹ kó kọjú sí, ó sì sọ iṣẹ́ tí ì bá ṣe bó bá wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka tọ ọ̀nà tó sọ yẹn lójú àwòrán, kí ẹ wò ó bóyá ẹ gbà fún un. Èmi kò gbà fún un tán. Bí ọ̀já yẹn ṣe rọ̀ sílẹ̀ ló jẹ́ kí á mọ̀ pé sátínì náà wúwo. Bó bá fẹ́ jáde, ojú lè tẹ̀lé e kúrò nínú àwòrán kó má padà mọ́. Ẹ̀yin lè rí i bí Avedon ṣe rí i, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti lè fi ìka tọ́ka sí ohun tí ẹ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ojú rìn yí etí àwòrán ká

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì kí ẹ sì yí i ká títí ẹ ó fi padà débẹ̀. Bí etí bá gé èèyàn ní oríkèé, ìyẹn ní orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ tàbí ọrùn ọwọ́, ó máa ń dà bíi pé wọ́n gé e lára; bó bá gé e láàárín itan, ojú wa ni yóò bá a parí ìyókù. Ní ti aṣọ, ibi tó léwu jù ni ìsàlẹ̀ ẹ̀wù tó gùn. Ayàwòrán tó bá gé ìṣẹ́tí aṣọ kúrò ti mú wa kúrò níbi tí a ti lè mọ bí aṣọ náà ṣe ń balẹ̀, nítorí náà ẹ bi í léèrè ohun tó fi rọ́pò. Ó lè ní èsì tó mọ́yán lórí, bíi pé iṣẹ́ ọnà ọrùn aṣọ ló fẹ́ kí á rí. Ẹ tún wo ohun tó kàn rọra fi orí kan etí láìgé, torí pé ṣóńṣó gèlè tàbí ìmú bàtà tó bá fara kan etí báyìí máa ń fa ojú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a kò bá gé e dáadáa, kí á fún un láàyè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tó wà lẹ́yìn

J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di olóògbé ní 2014. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yà láti ẹ̀yìn orí, ohun tó sì wà lẹ́yìn wọn kò ní àwọ̀ tàbí ọnà kankan. Ọ̀nà tó gbà dáhùn ìbéèrè ìgbésẹ̀ kìíní nìyẹn: ó mú ojú èèyàn kúrò pátápátá. Bí ojú kò bá sí níbẹ̀, ìlà tí ìlàrí yà láàárín irun, bí òwú ṣe yí irun po, àti òjìji kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù láti wò, irun náà sì dúró bí ère. Ó tún ya fọ́tò gèlè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí òfìfo ṣe ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ Ojeikere ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Irving Penn, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà rin ọ̀nà tó jọ èyí. Ní Paris ní ọdún 1950, aṣọ ìkélé àtijọ́ ilé ìṣeré kan ló ta sẹ́yìn àwọn módẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Aṣọ ìkélé náà kò sọ ibi tí a wà, nítorí náà àyíká ara aṣọ, bí èjìká ṣe gé wálẹ̀ àti bí ìbàdí ṣe fún, ló di ọ̀rọ̀ àwòrán.

Òdì kejì gbáà ni Seydou Keïta, ayàwòrán kan ní Bamako ní ilẹ̀ Mali, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní 1948. Aṣọ oníṣẹ́ ọnà ló ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ lò sì jẹ́ aṣọ orí ibùsùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń wá ya fọ́tò náà wọ aṣọ tó kún fún ọnà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò sọ pé ọnà kò gbọdọ̀ dúró níwájú ọnà. Ẹ pa ojú dé díẹ̀ títí fọ́tò Keïta kan yóò fi ṣe bàìbàì, ẹ ó rí ìdí tí tirẹ̀ fi yọrí: ojú, ọwọ́ àti apá tí kò ní ọnà kankan di ibi tí ojú wa ti lè sinmi, ọnà ara aṣọ kì í sì í sábà tóbi dọ́gba pẹ̀lú ọnà ẹ̀yìn. Nígbà náà, bí ẹ bá ń ṣe lámèyítọ́ fọ́tò tí ọnà ti pọ̀, ẹ má kàn sọ pé ó rú. Ẹ wò ó bóyá títóbi ọnà méjèèjì yàtọ̀, bóyá etí aṣọ ṣì hàn kedere, àti bóyá ibì kan wà tí ojú ti lè sinmi. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè wá sọ pé ó rú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tí kámẹ́rà dúró sí

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìwọ̀n ìbàdí módẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ á gùn, aṣọ á sì hàn ní gígùn rẹ̀. Bó bá wà lókè orí, orí á tóbi, ẹ̀wù á sì kúrú. Lẹ́ǹsì tó ń rí ibi gbígbòòrò, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, máa ń na ohun tó bá wà létí àwòrán, nítorí náà bí bàtà bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má fi ẹ̀sùn kan oníbàtà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó sí

Alexey Brodovitch, tó ń ṣètò ojú ìwé Harper's Bazaar láti 1934 títí di 1958, fẹ́ràn kí àyè funfun gbòòrò lójú ìwé, àwọn ayàwòrán tó bá a ṣiṣẹ́ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn tàbí kí fọ́tò náà tàn dé ojú ìwé méjì. Àyè tó dà bí òfò lójú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ibi tí àkọlé wà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò iwájú mágásíìnì gbọ́dọ̀ ní àyè lókè fún orúkọ rẹ̀. Bákan náà, ohun tó ń lọ nílò ọ̀nà níwájú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1933, mágásíìnì kan náà gbé fọ́tò tí Martin Munkácsi ya jáde, níbi tí obìnrin kan ti ń sáré létí òkun tí aṣọ ìlékè rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì ṣì ń dúró gbagidi nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, àwòrán yẹn jẹ́ kí àwọn èèyàn rí aṣọ bó ṣe ń rìn. Ẹ wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ bo àyè iwájú ẹni tó ń sáré, ẹ ó rí i pé eré náà á dẹ́kun lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bó bá jẹ́ aṣọ wa ló wà nínú àwòrán

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ló bá ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ ara mu, tí kò sì bá agbádá mu. Agbádá fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá na apá. Bí wọ́n bá fi àwòrán tóóró yà á, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì wà nísàlẹ̀, ohun tí a ó rí ni aṣọ tó pọ̀ láìnídìí. Ẹ wò ó bóyá ayàwòrán jẹ́ kí ó ká apá agbádá sórí èjìká, torí pé ìgbà náà ni ìṣẹ́po aṣọ máa ń fa ìlà láti èjìká wá sí àyà. Ẹ wo ọwọ́ pẹ̀lú: ọkùnrin tó ká ọwọ́ mọ́ àyà ti fi ọwọ́ bo iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sanwó rẹ̀. Ìhà tí fìlà tẹ̀ sí náà jẹ́ ìlà, ó sì dára kí àyè díẹ̀ wà níhà ibẹ̀.

Aṣọ òkè fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Iná tó wá tààrà láti iwájú máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ibi tí wọ́n ti rán tẹ́ẹ́rẹ́ kan pọ̀ mọ́ ìkejì kì í sì í hàn mọ́. Gèlè fẹ́ àyè lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ni ìṣẹ́po rẹ̀ sì ti máa ń hàn dáadáa, nítorí náà fọ́tò tó kọjú sí èèyàn gbọnrangandan kì í sábà gbè é. Ní ti aṣọ ẹbí, ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo wọn: bí èjìká bá ti lẹ̀ mọ́ èjìká, èèyàn mẹ́wàá á di aṣọ kan ṣoṣo tó ní orí mẹ́wàá. Ẹ wá àlàfo láàárín èjìká, kí ẹ sì wò ó bóyá gèlè ẹnì kan kò bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lakin Ogunbanwo, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, fi ìbòjú bo ojú àwọn ìyàwó nínú àwọn fọ́tò tó pè ní "e wá wo mi", tó fi jẹ́ pé aṣọ ìgbéyàwó ni a ń wò nígbà tí a bá dáhùn ìpè náà. Ó yẹ kí àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó wò ó dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ kọ lámèyítọ́ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó ni iṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ rò pé àwòrán náà fẹ́ ṣe fún aṣọ, kí ẹ sọ ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ àti ibi tó wà, kí ẹ tó wá sọ ohun kan tí kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ẹ̀yin ì bá dán wò. Ohun kan tó. Bí ẹ bá to àbùkù méje jọ, ayàwòrán kò ní mọ èyí tó ba àwòrán jẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara módẹ́ẹ̀lì, bóyá ó sanra tàbí ó tínrín, torí ètò àwòrán kọ́ nìyẹn. Ká ní fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ agbádá àlàárì níwájú ògiri pupa la ní lọ́wọ́, ohun tí mo máa kọ yóò rí báyìí:

"Ó hàn pé bí agbádá yìí ṣe fẹ̀ tó lẹ fẹ́ kí á rí, apá tó nà sí ọ̀tún sì jẹ́ kí á rí i dáadáa. Iṣẹ́ ọnà àyà gba ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yọ. Ṣùgbọ́n ògiri pupa náà gbé etí apá òsì mì, nítorí náà ìdajì fífẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi hàn nìkan la rí. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa sún un kúrò lára ògiri títí òjìji yóò fi wà láàárín wọn, tàbí kí n wá ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí díẹ̀."

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bi ayàwòrán ní ohun tó ní lọ́kàn kí ẹ tó ka ohun tí ẹ kọ fún un, kí ẹ sì ní kó jọ̀wọ́ fi àwọn fọ́tò yòókù tó yà ní ìjókòó kan náà hàn yín. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ wo ohun tó yí padà láti ọ̀kan sí èkejì: bóyá ó gbé kámẹ́rà wálẹ̀, bóyá ó ní kí módẹ́ẹ̀lì yí èjìká, bóyá ó tún ìṣẹ́po aṣọ ṣe. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ kó dán wò ti wà nínú fọ́tò kẹta tàbí ìkẹrin, ọ̀rọ̀ tó sì kù láti bá a sọ ni ìdí tí kò fi yan èyí.